Ta Ló Ni Ẹ̀yìn Yìí?

Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi pè é. Ìyá Má-Mira ni gbogbo wọn ń pè é, láti orí ọ̀gá àgbà dé orí ẹni tó ń nulẹ̀, nítorí pé ohun tó ń sọ láti àárọ̀ dalẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: "Ẹ má mira o!" Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ya àwòrán inú ara. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ síwájú ẹ̀rọ tó sì mira, àwòrán rẹ̀ á rí bí ojú ẹni tó ń wo ara rẹ̀ nínú omi tó ń ru. Ìyá Má-Mira ti sọ ọ́ fún arúgbó, ó ti sọ ọ́ fún ọmọ ọwọ́, ó ti sọ ọ́ fún ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó ń gbọ̀n bí ewé. Ọkọ rẹ̀ máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé bí àdúrà bá gbóná nínú ilé Ọlọ́run tí àwọn èèyàn ń fò sókè, ẹnu ìyàwó òun lòun máa ń ṣọ́, kó má lọ ké e mọ́ wọn lórí.

Abẹ́ ilẹ̀ ilé ìwòsàn náà ni yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà, níbi tí oòrùn kì í yọjú sí, tí èèyàn ń wọ súwẹ́tà nínú ooru nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ̀rọ méjì ló wà níkàáwọ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ẹ́síréè tí gbogbo ayé mọ̀, tó ń ya egungun kí aláìsàn tó mí lẹ́ẹ̀mejì. Ìkejì ni ẹ̀rọ òòfà, ihò funfun gbàràmù kan tí wọ́n ń ti èèyàn wọ̀ bí ẹni ń ti àpótí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bó bá ń ṣiṣẹ́, ariwo rẹ̀ dà bíi ti àwọn bíríkìlà tó ń wó ògiri. Òòfà inú rẹ̀ lágbára débi pé irin kankan kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá náà, nítorí bó bá wọ̀ ọ́, á fò lọ bá a bí ọmọ tó rí ìyá rẹ̀ lókèèrè. Ṣùgbọ́n òun ló mọ ohun tí ẹ́síréè kò mọ̀. Egungun ni ẹ́síréè dá mọ̀ dáadáa. Ohun tó bá rọ̀, bí iṣan, tàbí bí àwọn tìmùtìmù kéékèèké tí Ọlọ́run tẹ́ sáàárín egungun ẹ̀yìn kan àti èkejì kí wọ́n má bàa máa ha ara wọn, ẹ̀rọ òòfà ló ń fi wọ́n hàn. Á gé wọn wẹ́wẹ́ lójú kọ̀ǹpútà bíi búrẹ́dì, láìfi ọ̀bẹ kan ẹnikẹ́ni.

Ọkọ rẹ̀, aránṣọ ni. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ sì mú bí àlùmọ́gàjí rẹ̀. Láti bí ọdún kan ni ìbàdí ti ń dùn ún. Ìrora náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Láti ìbàdí, á gba itan ọ̀tún sọ̀ kalẹ̀, á wá dúró sẹ́yìn orúnkún bí àlejò tó fẹ́ gbé ibẹ̀. Bí aránṣọ bá ti jókòó ti máṣíìnì fún ìgbà díẹ̀, kó tó lè dìde, á kọ́kọ́ di tábìlì mú, á pe Ọlọ́run, á pe ìyá rẹ̀ tó ti kú, lẹ́yìn náà ló máa tó pe ìyàwó.

"Ẹ ò rí i pé èmi ni mo máa ń gbẹ̀yìn?" ni Ìyá Má-Mira á wí, á sì sáré lọ fà á dìde.

Ẹ́síréè ni wọ́n kọ́kọ́ ya fún un. Egungun rẹ̀ gún régé. Inú bí i.

"Wọ́n ní kò sí nǹkan! Ṣé èmi ni mò ń fi ìbàdí ara mi ṣeré ni?"

Wọ́n wá ní kó lọ wọ ihò funfun. Ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ṣé kò sí irin kankan lára yín?"

"Irin wo? Ṣé alágbẹ̀dẹ ni mí ni?"

Ìyá Má-Mira nawọ́ sí kọ́là rẹ̀, ó yọ píìnì kan. Ó tẹ àpò àyà rẹ̀ wò, ó yọ òmíràn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò, méjì tún wà níbẹ̀ tí wọ́n ti gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n débẹ̀.

"Ẹ kì í ṣe alágbẹ̀dẹ lóòótọ́," ni ó wí. "Ọjà tí alágbẹ̀dẹ ń tà lẹ jẹ́."

Nígbà tí àwòrán jáde, kò dúró de dókítà. Iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ìgbà tí àkọ́bí rẹ̀ ti wà lọ́mú ti la ojú rẹ̀. Tìmùtìmù tó bá lómi nínú máa ń funfun lójú àwòrán, èyí tó bá ti gbẹ á dúdú. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ó sì ti yọ díẹ̀ sẹ́yìn, síhà ibi tí iṣan ń gbà lọ sí ẹsẹ̀. Ìyá Má-Mira pàtẹ́wọ́ níbi tó jókòó sí.

"Ọlọ́run ṣeun! Mo ti mú olè náà!"

Dókítà oníṣẹ́ abẹ, àgbàlagbà kan tí kì í gbé ohùn sókè, sọ fún tọkọtaya náà pé ọ̀nà méjì ló wà. Wọ́n lè kọ́kọ́ fi eré ìdárayá àti àtúnṣe ìjókòó gbìyànjú fún oṣù díẹ̀. Òun sì lè fi abẹ gé èyí tó yọ yẹn kúrò. Aránṣọ kò jẹ́ kó mí.

"Dókítà, níbi iṣẹ́ tèmi, bí a bá ti wọn aṣọ tán, gígé ló kù. Ẹ ti wọ̀n mí. Ẹ gé e."

Dókítà yíjú sí ìyàwó. "Màmá, kí lẹ rí sí i?"

"Èmi ni mo ya àwòrán náà, sà," ni Ìyá Má-Mira wí, ó sì gbé àyà sókè díẹ̀. "Àwòrán kì í purọ́."

Bí wọ́n ṣe dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ sí oṣù tó ń bọ̀ nìyẹn.

Ní ilé ìwòsàn kan náà, dókítà obìnrin kan wà tó jẹ́ pé kíka àwòrán ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, kì í jókòó pẹ́, ìbéèrè ló sì ń jẹ bí oúnjẹ. Bí ife bá fọ́, á ní, "Kí ló fà á?" Bí ara aláìsàn bá yá tí gbogbo ènìyàn ń dúpẹ́, òun á ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n kí ló fà á?" Dókítà Kí-Ló-Fà-Á ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é lẹ́yìn, ó sì mọ̀, kò kà á sí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọlé tọ Ìyá Má-Mira wá, ó fìdí lé etí tábìlì.

"Màmá, àwọn tí ẹ ń ya ẹ̀yìn wọn níbí, kí ló ń gbé wọn wá?"

"Ìbàdí tó ń dùn wọ́n ni. Àbí kí ló tún kù?"

"Ṣé ẹ ti ya ẹ̀yìn ẹni tí nǹkan kan ò ṣe rí?"

Ìyá Má-Mira rẹ́rìn-ín. "Dókítà mi, ta ni ara rẹ̀ á le, tí á wá máa wọ ihò?"

"Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an nìyẹn. A rí tìmùtìmù tó yọ lára ẹni tí ìbàdí ń dùn, a ní òun ló fà á. A ò sì wo ẹni tí ìbàdí ò dùn rí. Bó bá wà lára tiwọn náà ńkọ́?"

"Kò lè wà níbẹ̀."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ìyá Má-Mira yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ìwádìí tí Dókítà Kí-Ló-Fà-Á fẹ́ ṣe kò lọ́jú pọ̀. Á wá àwọn tí ìbàdí ò dùn, ọ̀dọ́ díẹ̀, àgbà díẹ̀: ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, olùkọ́, àwọn tó ń se oúnjẹ fún àwọn aláìsàn. Ìyá Má-Mira á ya ẹ̀yìn wọn. Wọ́n á wá da àwòrán wọn pọ̀ mọ́ ti àwọn tí ìbàdí ń dùn, nọ́ńbà ni wọ́n á kọ sí i, kì í ṣe orúkọ. Dókítà méjì á máa kà á láìmọ ẹni tó ń jẹ̀rora àti ẹni tí kò jẹ̀rora, kí ojú má bàa tẹ̀lé ohun tí etí ti gbọ́. Òfin kan tún wà: ẹni tí ara rẹ̀ dá kò ní rí àwòrán tirẹ̀, àfi bí wọ́n bá rí ohun tó léwu tó yẹ kí wọ́n tọ́jú.

"Ẹ̀yìn ara rẹ̀, ẹ ní kó má wò ó?" ni Ìyá Má-Mira béèrè.

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó túmọ̀ sí ná, Màmá, ká tó fi dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ."

Ó wá ku àwọn obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, wọn ò rí wọn tó. Dókítà Kí-Ló-Fà-Á wo Ìyá Má-Mira láti òkè délẹ̀. Ìyá Má-Mira mọ ojú yẹn.

"Ẹ̀yìn tèmi? Ẹ̀yìn tó pọn ọmọ mẹ́rin tí kò ké rí? Kẹ́ẹ̀gì omi méjì ni mò ń gbé lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì."

"Irú rẹ̀ gan-an là ń wá."

Ká sọ òótọ́, kì í ṣe nítorí ìmọ̀ nìkan ló ṣe gbà. Ó ti pẹ́ tó ti ń ti èèyàn wọ ihò yẹn, tó ń rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé, kí ni wọ́n ń rí níbẹ̀? Ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn fún aráyé, ó yẹ kí òun náà wọ inú ilé náà wò lọ́jọ́ kan.

Ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, obìnrin kan tí kì í lè pa ẹ̀rín mọ́ra, ló tò ó sórí àkéte ẹ̀rọ náà.

"Màmá, ṣé kò sí irin kankan lára yín?"

"Ṣé èmi lò ń bi?"

Ẹnìkejì rẹ̀ tẹ irun rẹ̀ wò, ó sì yọ píìnì onírin kan tó fi há a láàárọ̀. Ó kàn gbé e sókè síwájú ojú rẹ̀ díẹ̀, kó tó jù ú sínú abọ́. Ìyá Má-Mira dijú. Ọkọ òun kò gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí láéláé.

Bí wọ́n ṣe tì í wọlé tán ni imú bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Kò sí ohun tí kò sọ fún imú yẹn. Ó bẹ̀bẹ̀, ó halẹ̀. Ó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run tó dá imú dá a lóhùn. Ariwo ẹ̀rọ ń lọ, gbàn-gbàn-gbàn, ó sì ń rántí gbogbo àwọn tó ti kígbe mọ́, tó ti ń pè ní aláìfara-balẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbé èjìká díẹ̀, ó sì fi nu imú.

Ohùn kan bú jáde látinú ẹ̀rọ, ẹ̀rín kún inú rẹ̀. "Ìyá Má-Mira, ẹ má mira o!"

Wọ́n ní láti tún apá àkọ́kọ́ yà.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ní kó má wo ẹ̀yìn, ọrùn rẹ̀ kì í simi. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, nígbà tí ẹnìkejì rẹ̀ lọ jẹun, Ìyá Má-Mira jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá àwòrán mọ́ dáadáa ni, torí pé iṣẹ́ òun ni. Orúkọ kò sí lára àwọn àwòrán náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó fara wọn sílẹ̀ fún ìwádìí yìí, ẹyọ ènìyàn kan ṣoṣo ló mira débi tí wọ́n fi ní láti tún un yà, àwòrán tó bàjẹ́ sì ṣì wà níbẹ̀ tó ń jẹ́rìí. Kò ṣòro láti mọ ẹni náà.

Ó ṣí i. Ó sún mọ́ ọn. Ó bọ́ ìgò ojú, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

Tìmùtìmù méjì ló dúdú, kì í ṣe ọ̀kan. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá yọ sẹ́yìn ju ti ọkọ rẹ̀ lọ. Ó yọ bí ahọ́n ọmọ aláìgbọràn.

Nígbà tó fi máa dé ilé, nǹkan kan ti ń tẹ̀ ẹ́ ní ìbàdí. Kò gbé kẹ́ẹ̀gì. Ó rọra jókòó, ó rọra dìde, ó fi ọwọ́ ti ìbàdí bí alábòyún. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó wá kí wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti di tábìlì mú, ó sì bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti di ògiri mú.

"Ẹ gbà mí o! Ṣé ìbàdí Dádì ti wá ń ràn ni?"

"Ìyá rẹ ń sín mi jẹ ni," ni aránṣọ dáhùn. "Kò fẹ́ kí n dá gbayì lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ."

Ọmọ rẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó wọ yàrá, ó kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, kíkúnlẹ̀ náà sì dùn ún. Ìgbà tó wà lórí ìkúnlẹ̀ yẹn ni ìbéèrè náà já lù ú, tí àdúrà fi dúró lẹ́nu rẹ̀. Bí tìmùtìmù yìí bá jẹ́ olè, láti ọjọ́ wo ló ti ń gbé nínú ilé òun? Ó ń bẹ níbẹ̀ nígbà tí òun ń gbé omi. Ó ń bẹ níbẹ̀ nígbà tí òun ń jó níbi ìgbéyàwó ọmọ. Kò jí abẹ́rẹ́. Ọjọ́ tí òun rí i ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í jalè. Irú olè wo nìyẹn? Bó bá sì jẹ́ pé kì í ṣe olè lára òun, ta ló sọ pé òun ni olè lára ọkọ òun? Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa la ẹ̀yìn ọkùnrin yìí.

"Ọlọ́run mi," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "èmi ni mo ní kí wọ́n gé e."

Ilẹ̀ mọ́, ó gba ọ̀dọ̀ Dókítà Kí-Ló-Fà-Á lọ tààrà.

"Dókítà, mo wo àwòrán mi."

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. "Màmá! Torí èyí gan-an la ṣe fi òfin yẹn sílẹ̀."

"Mo mọ̀. Ẹ bá mi wí bí ẹ bá fẹ́. Ṣé mo ti ba ìwádìí yín jẹ́?"

"Àwọn tó ń kà á ti ka tiyín tán, wọn ò sì mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Kò tíì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹ̀yin fúnra yín?"

"Ìbàdí ń dùn mí."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti wò ó."

Dókítà Kí-Ló-Fà-Á dìde. Ó rìn dé ojú fèrèsé, ó padà. Ojú rẹ̀ ń tàn bí ojú ọmọ tó rí kòkòrò tí kò rí rí. Ó kù díẹ̀ kó sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ̀ ọ́n, ni Ìyá Má-Mira bá gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ má bi mí ní kí ló fà á. Èmi ni mo wá bi yín. Kí ló fà á, Dókítà? Tèmi burú ju ti Bàbá lọ, ẹ sì rí bí mo ṣe ń sáré kiri níbí látọjọ́ yìí. Ṣé àwọn mìíràn náà rí bẹ́ẹ̀?"

"N kò tíì ṣírò rẹ̀ tán, n kò sì fẹ́ fi ẹnu ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin nìkan kọ́, Màmá. Bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè ni tìmùtìmù ń gbẹ, bí irun ṣe ń funfun. Ó ń dun àwọn kan. Ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

"Ẹ bá mi fi tèmi han Bàbá. Mo fún yín láyè. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, kó wò ó."

Ní ọjọ́ tí aránṣọ wá fún ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò ṣáájú iṣẹ́ abẹ, wọ́n pè é sí yàrá dókítà oníṣẹ́ abẹ. Dókítà Kí-Ló-Fà-Á wà níbẹ̀. Ìyá Má-Mira dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Fíìmù méjì wà lára àpótí iná lórí ògiri, wọn kò kọ orúkọ sí wọn.

"Bàbá," ni dókítà oníṣẹ́ abẹ wí ní ohùn pẹ̀lẹ́ rẹ̀, "ọ̀kan nínú méjì yìí jẹ́ tiyín. Ìkejì jẹ́ ti ẹnìkan tí ìbàdí ò dùn rí nígbà tí wọ́n yà á. Ẹni náà ló fún wa láyè kí ẹ wò ó. Èwo ni tiyín?"

Aránṣọ fa ìgò ojú wálẹ̀ sórí imú, ó sún mọ́ ọn bí ẹni tó ń wo ojú-rírán tí oníbàárà ń ráhùn lé lórí. Kò pẹ́ rárá.

"Eléyìí. Ẹ wo bó ṣe dúdú! Ẹ wo bó ṣe yọ síta! Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi. Òun gan-an ló ń jẹ mí níyà." Ó nàka sí ìkejì. "Ti ẹni yìí sàn díẹ̀. Kí ó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Dókítà oníṣẹ́ abẹ mi orí.

"Bàbá, èyí tí ẹ ní ó sàn yẹn ni tiyín."

"Tèmi?" Ó tún wò ó. Ó wo ìkejì. "Ta ló wá ni eléyìí? Ṣé ẹni náà ṣì wà láyé?"

Ìyá Má-Mira wúkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Ó wà láyé. Òun ló se oúnjẹ tí ẹ jẹ láàárọ̀."

Aránṣọ yíjú padà. Ó gbàgbé ìbàdí, ó yára yí i, ló bá ké. Gbogbo wọn fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Mo ti gbọ́. Irọ́ ni mò ń pa nìyẹn. Ọdún kan ni mo ti ń fi ìrora ṣe àṣehàn. Àbí ohun tí ẹ pè mí wá sọ fún mi nìyẹn?"

"Rárá o, Bàbá," ni Dókítà Kí-Ló-Fà-Á wí. Kò bi í ní nǹkan kan lọ́tẹ̀ yìí. Ó jókòó tì í. "Ìrora yín, òótọ́ ni. Àwòrán yín náà, òótọ́ ni. Ohun tí a ò mọ̀ ni bóyá àwòrán yìí ló bí ìrora yẹn. Ó ṣeé ṣe. Ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n kàn jọ máa gbé ilé kan náà, kí wọ́n má bára tan."

Aránṣọ wo ìyàwó rẹ̀. "Ìwọ lo ní àwòrán kì í purọ́."

"Kò purọ́, Bàbá. Àwa la ki ọ̀rọ̀ tí kò sọ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Èmi ni mo ṣáájú. Ẹ má bínú."

Dókítà oníṣẹ́ abẹ ní kí aránṣọ bọ́ bàtà. Ó ní kó fi gìgísẹ̀ rìn, kó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn. Ó fi òòlù rọ́bà kan orúnkún rẹ̀. Ó béèrè bóyá ìtọ̀ máa ń jáde láìròtẹ́lẹ̀, bóyá ibi tó fi ń jókòó kú. Gbogbo rẹ̀ dára.

"Bí ẹsẹ̀ yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, tàbí kí ìtọ̀ yín yí padà, tàbí kí ibi tí ẹ fi ń jókòó kú tipiri, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ sáré wá. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí a ń dúró wò. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kankan níbẹ̀. Àwọn kan wà tí abẹ ràn lọ́wọ́ gidi, n kò ní purọ́ fún yín. Àwọn kan wà tí ara wọn yá láìsí abẹ. Bàbá, aṣọ tí ẹ bá ti gé, ṣé ẹ lè dá a padà sórí ìdì?"

"Ta ló bí mi dáadáa tí màá fi lè ṣe é?"

"Èmi náà ò lè ṣe é. Abẹ ò sì ní sá lọ. Ẹ fún mi ní oṣù mẹ́ta, kí ẹ ṣe ohun tí mo kọ́kọ́ sọ. Bí kò bá lọ, ẹ padà wá, màá gé e."

Aránṣọ ló ni ẹ̀yìn, òun ló ni ọ̀rọ̀. Ó tún wo fíìmù méjèèjì, ó wo èyí tó dúdú jù, ó wo obìnrin tó ni ín.

"Ẹni tó ní irú nǹkan yìí lára tó tún ń pariwo mọ́ mi nínú ilé," ni ó wí, "ẹ ò rí i pé ó yẹ kí n gbìyànjú."

Bí ìgbésí ayé wọn ṣe yí padà nìyẹn. Wọ́n fi pákó gbé ẹsẹ̀ tábìlì máṣíìnì ga kí aránṣọ má bàa máa tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọkùnrin tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní eré ìdárayá nílé ìwòsàn kọ́ ọ bí á ṣe máa dùbúlẹ̀, kó gbé orúnkún, kó gbé ìdí sókè, kó rọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ó tún fún un ní òfin kan tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu: nígbàkígbà tí òwú inú bọ́bìn bá tán, kó má jókòó rọ́pò rẹ̀. Kó dìde, kó rìn dé ẹnu ọ̀nà, kó padà. Oníbàárà tó bá ń kánjú á máa wo aránṣọ bó ṣe ń fẹsẹ̀ rìn lọ rìn bọ̀ bí ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí.

Ó kùn, dájúdájú. Àárọ̀ tó bá fẹ́ sá fún eré ìdárayá náà, á fa aṣọ borí, á ní ìbàdí òun ń sinmi. Ìyá Má-Mira á dúró sórí rẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì kọ́ ìbàdí tirẹ̀.

"Bàbá, ẹ mira!"

"Kí lo sọ?"

"Mo ní ẹ mira! Ẹ gbé ẹsẹ̀ yẹn sókè!"

"Ayé ti bàjẹ́," ni aránṣọ á wí lábẹ́ aṣọ. "Má-Mira ti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà."

Ní ti ìbàdí ìyàwó, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó lọ. Ó ń gbé omi wọlé ní ọjọ́ kan, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, nígbà tó rántí pé ó yẹ kí nǹkan máa dun òun. Ó dúró, ó wá ìrora náà káàkiri bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́. Kò rí i. Ó sọ fún Dókítà Kí-Ló-Fà-Á, èyíinì sì fò sókè. Ó ní ìwádìí mìíràn ti wà nílẹ̀ báyìí: kí ni àwòrán ń ṣe fún ẹni tó bá wò ó?

"Èmi kọ́ lẹ máa fi ṣe é o," ni Ìyá Má-Mira wí. "Imú mi kò tíì dárí jì yín."

Oṣù mẹ́ta pé. Dókítà oníṣẹ́ abẹ béèrè lọ́wọ́ aránṣọ pé báwo ni.

"Ó ṣì ń yà kí mi, Dókítà. Pàápàá bí mo bá ti gbàgbé bọ́bìn. Ṣùgbọ́n kì í sùn mọ́jú mọ́."

"Ṣé kí n gé e?"

"Ẹ fi abẹ yín sínú àpò."

Kí ó tó kúrò, ó béèrè bóyá wọ́n lè bá òun yọ fíìmù méjèèjì yẹn. Ìyàwó rẹ̀ rò pé ó fẹ́ fi pamọ́ ni. Ọjọ́ kejì, nígbà tó gba ṣọ́ọ̀bù kọjá, ó bá ẹ̀yìn òun àti ẹ̀yìn ọkọ òun lójú fèrèsé, wọ́n fi píìnì kọ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, oòrùn ń gba inú wọn wọlé.

"Bàbá! Ẹ ti gbé ìbàdí mi síta fún gbogbo àdúgbò!"

"Ìbàdí tí wọn ò lè dá mọ̀, ṣé ó wà níta?"

Oníbàárà tó bá ń dúró de ṣòkòtò rẹ̀, tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ẹ̀yìn ń dun òun àti pé òun fẹ́ lọ wọ ihò kí wọ́n lè gé e kúrò, aránṣọ á na sísọ́ọ̀sì sí ojú fèrèsé. "Ọ̀kan ni ó ń dùn, ọ̀kan kò dùn. Ta ló ni ẹ̀yìn yìí? Ẹ sọ fún mi, màá sì rán bọ́tìnnì yín ní ọ̀fẹ́." Kò tíì rán bọ́tìnnì ọ̀fẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

Obìnrin kan wá gba aṣọ ní ọjọ́ kan, ó wo fíìmù méjèèjì fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó ṣe, ó nàka sí èyí tó dúdú jù, ó mi orí.

"Ó mà ṣe o. Ẹni yìí ti parí. Wọ́n á máa gbé e ni."

Ìgbà yẹn gan-an ni Ìyá Má-Mira fi ìdí ti ilẹ̀kùn wọlé. Ìdì aṣọ tó ga ju orí lọ ló gbé sọ́wọ́, ó sì fi àgbọ̀n dì í mú kó má ṣubú.

"Ẹ káàsán, mà," ni ó wí látẹ̀yìn ìdì náà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀. Ẹni tó ti parí fẹ́ kọjá."